Kẹ̀kẹ́ Ológeere, Ọyẹ́ àti Àwọn Ère Ìta Gbangba ní Òṣogbo

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ni ó ti kọ ìdáhùn nípa Òṣogbo nínú ìdánwò láìtíì fi ojú rí ère kan ṣoṣo níbẹ̀. Àwọn tí ó ti dé ibẹ̀ nínú wa, oṣù kẹjọ ni wọ́n sábà máa ń lọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ọdún náà dùn, ó sì gbayì, ṣùgbọ́n èrò ni ènìyàn máa ń rí lọ́jọ́ náà, kì í rí ère. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni ìdí tí ó fi yẹ kí á lọ nígbà ọyẹ́, kí á sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ.

Ìdí tí Ọyẹ́ àti Kẹ̀kẹ́ fi Dára

Òtítọ́ ni pé ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ láago méje àárọ̀ ní láti wọ súwẹ́tà, kí ó sì fi òrí pa ètè. Ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, òjò ti dá, ọ̀nà inú igbó kì í yọ̀. Lọ́nà kejì, ọ̀pọ̀ igi ti wọ́wé, ère tí ewé bò nígbà òjò a sì yọ síta. Lọ́nà kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, ara ère a gbẹ, gbogbo ibi tí ó ti sán ni ojú yóò rí kedere.

Ní ti kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ ọnà Òṣogbo kò sí lójú kan bí ti ilé tí a ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Inú ìlú ni àwọn kan wà, ẹ̀bá ọ̀nà àti inú igbó ni àwọn mìíràn wà. Mọ́tò yóò ti kọjá kí ojú tó rí nǹkan, ọlọ́kadà kò sì ní dúró dè wá láìbéèrè owó kún owó. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó máa ń dúró níbi tí ojú bá dúró sí.

Ohun tí a óò rí

Ó dára kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Ìbòkun, níbi tí ilé Susanne Wenger wà, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Ní ọdún 1915 ni a bí i ní Austria. Òun àti Ulli Beier, tí ó di olùkọ́ ní Ìbàdàn, ni wọ́n jọ dé Nàìjíríà ní 1950. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà jẹ́ irú èyí tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà dé mú wá sí ilẹ̀ wa. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún sí. Ó yẹ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí pé nígbà tí Beier ké sí àwọn bíríkìlà pé kí wọ́n wá mọ ẹranko bí ti ilé àwọn Àgùdà, Adébísí Àkànjí wà lára àwọn tí ó jẹ́ ìpè náà. Kò kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì kankan. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ó gbé e dé ìdí ère.

Bí a bá gba àárín ìlú kọjá sí igbó Ọ̀ṣun, ògiri tí a mọ ère sí lára ni yóò kọ́kọ́ kí wa. A óò fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a óò sì fẹsẹ̀ rìn. Níbẹ̀ ni Ìyá Mòòpó wà, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin bí ìkòkò mímọ àti aró rírẹ. Létí odò, Ọ̀ṣun na apá méjèèjì. Òkúta ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí gbẹ́, igi sì ni ti Kàsálì Àkàngbé.

Kí ni wọ́n ń ṣe ère wọ̀nyí fún? Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, àwọn ènìyàn ń gé igi igbó náà, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja níbẹ̀, ojúbọ sì ń wó. Àwọn olórìṣà bẹ Àdùnní kí ó bá wọn tún un ṣe. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ ògiri àti ère kí ẹni tí ó bá mú àáké dé lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà ní olúwa. Nítorí náà, ère wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ààlà ni wọ́n. Ní 1965 ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan igbó náà. Ní 1992 òfin náà ká gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005 Àjọ UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé.

Ewu tí ó wà níbẹ̀

Irin ni egungun ère wọ̀nyí, amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì ni ẹran ara wọn. Bí sìmẹ́ǹtì bá sán, omi òjò yóò wọlé, irin yóò dípẹtà, ìpẹtà yóò mú kí irin wú, irin tí ó wú yóò sì bẹ́ sìmẹ́ǹtì sọnù. Àwọn kan ní kí á jẹ́ kí ère padà di ilẹ̀, nítorí pé amọ̀ kì í ṣe ohun àìkú. Àwọn mìíràn ní kí á tọ́jú rẹ̀ bí ó ti wà gẹ́lẹ́. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì gbàgbé nǹkan kan. Àwọn baba wa kò gbẹ́kẹ̀ lé agbára amọ̀. Wọ́n a máa tún ojúbọ rẹ́ bí ó bá ti ń wó, ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ ni ó sì ń mú kí ojúbọ pẹ́. Àdùnní kú ní 2009, ìran tí ó bá a ṣiṣẹ́ sì ń tán lọ. Àwọn tí ó kù àti ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Adunni Olorisa Trust ti tún ọ̀pọ̀ ère ṣe, ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ ọwọ́ bá parẹ́, sìmẹ́ǹtì nìkan kò lè gba ère là.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibí ni iṣẹ́ tiwa wà. Kí ni bíríkìlà ń pe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan? Kí ni orúkọ pípo tí ó ki àti èyí tí ó ṣàn? Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ pé ère ti gbẹ tó? Èdè Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, a kò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀ tó. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ fún wa láàyè láti fi irú èyí ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Ọyẹ́ tí ń bọ̀ kò jìnnà mọ́. Kí ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀, kí ó sì mú ìwé àti gègé dání.