Ọmọ Wa Fẹ́ Ṣe Fíìmù: Ta Ni Yóò Di Àpò Owó Mú?

Ojú ewé òwò yìí sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé rírà, ìnṣọ́ránsì àti owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fíìmù ni a mú wá, ẹ má sì rò pé a ti yà kúrò nídìí òwò. Lọ́dọọdún, bí a bá ń ṣe ìwé owó orí fún àwọn èèyàn wa ní Morris Heights àti àyíká rẹ̀, a kì í ṣàìrí òbí kan tó máa rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí: "Ẹ gbà wá o, ọmọ yìí ní fíìmù lòun fẹ́ ṣe. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tó ti so èso. Ní ọdún 2021, fíìmù kúkurú kan tó ń jẹ́ Lizard gba àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ní Sundance. Akinola Davies Jr. ló darí rẹ̀, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wale ni wọ́n jọ kọ ọ́. Eré náà kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ni wọ́n lé jáde ní Sunday School nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Èkó, tó wá ń rìn káàkiri, tó ń rí ohun tí àwọn àgbà kò fẹ́ kí ọmọdé rí.

Ní 2025, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí kan náà gbé My Father's Shadow lọ sí Cannes ní ilẹ̀ Faransé. Òun ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ inú àṣàyàn gidi ti Cannes. Ìtàn bàbá kan àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ni, ní Èkó, lásìkò ìbò 1993 tí wọ́n fagi lé. Ẹ̀yin tí ẹ tò sórí ìlà lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹfà ọdún náà, ẹ mú áńkáṣíìfù dání kí ẹ tó wò ó. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2025, níbi àmì-ẹ̀yẹ Gotham ní Manhattan níbí, Davies gba ti olùdarí tuntun, Ṣọpẹ́ Dìrísù tó ṣe bàbá gba ti òṣèré tó léwájú, Wunmi Mosaku sì gba ti òṣèré tó ń ti èèyàn lẹ́yìn, fún Sinners. Orúkọ Yorùbá mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo! Inú wa dùn, a ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n akáúńtáǹtì ni wá. Ọdún mẹ́rin tó wà láàárín Sundance àti Cannes ni ojú wa ń wò. Fíìmù kúkurú kì í fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé. Ó dà bí aṣọ tí télọ̀ gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù: kò gbé e kọ́ láti tà á, kí oníbàárà lè yà wọlé ni. BBC Film wà lára àwọn tó gbówó sílẹ̀ fún Lizard, wọ́n sì tún wà nídìí My Father's Shadow. Ohun tí fíìmù kékeré ń rà nìyẹn, kí ẹni tó lówó lọ́wọ́ lè mọ̀ ọ́. Òbí tó bá ń retí kí fíìmù oníṣẹ́jú méjìlá dá owó rẹ̀ padà lọ́dún kan yóò bá ọmọ rẹ̀ jà láìnídìí.

Àdúgbò wa gan-an ní ẹ̀kọ́ kan tí a fẹ́ràn láti máa sọ. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ ọdún 1973, wọ́n ṣe àríyá kan nínú ilé ńlá tó wà ní 1520 Sedgwick Avenue, Morris Heights. Ibẹ̀ ni ayé gbà pé hip-hop ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ DJ Kool Herc tó ń lu rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹni tí àwa fẹ́ràn ni Cindy Campbell, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń wá owó aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Òun ló ṣètò àríyá náà, owó ìwọlé sì wà lórí ìwé ìpè: sẹ́ǹtì 25 fún obìnrin, 50 fún ọkùnrin. Bí ọmọ yín bá ní òun ń ṣe fíìmù, ẹ bi í pé ta ni Cindy rẹ̀. Bí kò bá sí, iṣẹ́ kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé ta ló ni fíìmù náà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú New York yìí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan, 16 Casa Duse, ra ìwé eré kan, ó sì ya fíìmù kúkurú tó ń jẹ́ Heads Up ní 2011. Gbogbo òṣèré àti òṣìṣẹ́ ló fọwọ́ síwèé, àfi olùdarí, tí wọ́n gbà sí $1,500. Ìjà dé. Olùdarí ní òun ló ni ohun tí òun yà, wọ́n fagi lé ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi fíìmù náà hàn, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn àjọ̀dún kan sì kọjá lọ. Ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a pé ilé iṣẹ́ náà ló ni ín. Ọdún mẹ́rin gbáko nítorí ìwé kan tí ẹnì kan kò fọwọ́ sí! Àwọn ọmọ wa sì ń bá ọ̀rẹ́ ṣe fíìmù lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, "ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sí wàhálà." Wàhálà wà o. Orin náà ń kọ́? Ẹni tó bá fi orin Ebenezer Obey sínú fíìmù nílò àṣẹ méjì: ti ẹni tó ni orin, àti ti ẹni tó ni rẹ́kọ́ọ̀dù.

Ní ti owó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí kò tí ì pé ọdún 59½ tó bá yọ $10,000 nínú 401(k) lè san owó orí lórí rẹ̀, kó tún san $1,000 ìtanràn lé e. Kò sí àjọ̀dún tí yóò dá ìyẹn padà. IRS máa ń gbà pé òwò ni iṣẹ́ kan bó bá mú èrè wá lọ́dún mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ní eré ọwọ́ dilẹ̀ ni, wọn yóò gba owó orí lórí ohun tó wọlé, wọn kò sì ní jẹ́ kí ẹ yọ ohun tí ẹ ná. Ohun tó ń gbani lọ́jọ́ náà ni rìsíìtì, àkáǹtì báǹkì tó yàtọ̀ sí ti ilé, àti ìwé owó tí à ń kọ lóṣooṣù. Ẹni tó bá fẹ́ dá LLC sílẹ̀, $200 ni ti ìjọba ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹ tún kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹn nìkan sì lè ju $1,000 lọ nílùú yìí. A ò rò pé fíìmù àkọ́kọ́ nílò rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ kò ní láti jẹ gbèsè. Ghetto Film School, tí Joe Hall dá sílẹ̀ ní South Bronx ní 2000, kì í gbowó lọ́wọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó bá gbà wọlé (ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín). Bronx Community College wà lórí òkè níbí, ní University Avenue, City College náà sì wà ní Harlem. Wọ́n ń kọ́ni ní fíìmù ní méjèèjì. New York African Film Festival sì ti ń ṣe àfihàn láti 1993, níbi tí ọmọ lè lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe.

Ẹni tó bá ti ní fíìmù tó parí nílé, kó kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní U.S. Copyright Office kó tó fi ránṣẹ́ síta. $65 ni wọ́n ń gbà fún ti ilé iṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.