Lance Gibbs, Ọ̀gá Ajubọ́ọ̀lù Oníyíyí

Nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì a sì máa fi igi pẹlẹbẹ gbá a. Ajubọ́ọ̀lù oníyíyí ni ẹni tí ó ń fi ìka yí bọ́ọ̀lù kí ó lè yà bí ó bá balẹ̀. Lance Gibbs, tí wọ́n bí ní Georgetown, Guyana, ní 1934, ṣojú West Indies, ẹgbẹ́ àjùmọ̀ní àwọn ará Karíbíánì, nínú ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí à ń pè ní Test nígbà 79, láti 1958 títí di 1976, ó sì lé agbábọ́ọ̀lù jáde nígbà 309. Òun ni oníyíyí àkọ́kọ́ tí ó dé 300. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi ìtàn rẹ̀ mọ̀ dájú pé ọgbọ́n ju agbára lọ.