Bí Fóònù Ṣe Ń Yan Ọ̀nà Láìsí Òpó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ń ti Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ sí Ìkẹjà lè gba Egbédá, ó sì lè gba Ìdímú. Bí ó bá gbọ́n, kì í ṣe ọ̀nà tí ó kúrú jù ni yóò wò, bí kò ṣe èyí tí yóò mú un débẹ̀ lákòókò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí ó rí láàárín àwọn fóònù tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí òpó.

Láti ọdún 2001 tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà, òpó ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ fóònù kan láti gbé e fún èkejì. Bí òpó bá kú, ọ̀rọ̀ pin. Ṣùgbọ́n a lè ṣètò fóònù tàbí rédíò kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di ìránṣẹ́: èyí tí ó wà nítòsí yóò gba iṣẹ́, yóò fi lé ti iwájú lọ́wọ́, títí iṣẹ́ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán an sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà? Èyí tí ó fẹ́ ránṣẹ́ yóò ké sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé, 'Ta ni ó mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ lágbájá?' Àwọn náà yóò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tiwọn, títí èsì yóò fi padà wá. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni AODV, tí Charles Perkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2003. Iye ìránṣẹ́ tí ó wà lójú ọ̀nà ni ìlànà yìí ń kà. Èyí tí ó bá kéré jù ni ó ń mú.

Kíka ìránṣẹ́ nìkan kò tó. Ohun mẹ́ta mìíràn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní ni ìdádúró, tí a máa ń rò pọ̀. Àjọ ITU, tí ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, là á sílẹ̀ pé bí ohùn kò bá pẹ́ lọ́nà ju ìdá 150 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yóò máa lọ geere. Ẹ jẹ́ kí a ní iṣẹ́ yí ọwọ́ padà nígbà 2 ní ọ̀nà kan, tí ó pẹ́ fún ìdá 90 àti 110: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200. Ní ọ̀nà kejì, ó yí ọwọ́ padà nígbà 4, ìdá 30 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120. Ọ̀nà kejì ni ó yẹ fún ohùn, bí ìránṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun kejì ni ìbú ọ̀nà. A kì í ro èyí pọ̀. Ibi tí ó há jù ni ó ń pinnu ohun tí yóò kọjá, gẹ́gẹ́ bí afárá tóóró ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì gbòòrò. Ẹ̀kẹta ni ìdúróṣinṣin. Ìránṣẹ́ ń rìn kiri, bátìrì rẹ̀ sì lè tán. Bí ó bá kúrò lójú ọ̀nà, a níláti wá òmíràn kíákíá.

Bí kò bá sí ọ̀nà tí ó lè gbé ẹrù náà, ó sàn kí a tètè sọ fún ẹni tí ó fẹ́ ránṣẹ́ ju kí a gba ẹrù tí yóò bàjẹ́ lọ́nà lọ.

Pẹ̀lú àlàyé yìí, ó hàn gbangba pé irú iṣẹ́ tí a rán ni ó yẹ kí ó pinnu ọ̀nà tí a óò gbà. Ìkíni ọjọ́ ìbí lè dúró díẹ̀. Igbe ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kò lè dúró.