Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹfà: Ọ̀rọ̀ Áàsù Ẹ̀yìn Mọ́tò Ìje

Lóṣù yìí, a kò sọ̀rọ̀ owó ọjà tàbí ti ilé kíkọ́. Ọ̀rọ̀ mọ́tò la gbé wá. Ó ti ju ẹnì kan lọ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní Lakowe níbí tó ti béèrè bóyá ẹgbẹ́ lè yá òun lówó láti ra Peugeot 504 àtijọ́, kí òun sì tún áàsù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe kó lè sáré ìje. Kí onídùúró kankan tó tọwọ́ bọ̀wé, ó yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, èrè tó wà nínú rẹ̀, àti ewu tó wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò lá àlá asán o. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di 1975, wọ́n ti ń to mọ́tò Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Àgbà wo ló wà nínú wa tí kò wọ 504 rí lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde? Ní 1975 kan náà, Ove Andersson fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas fi 504 Coupé onílẹ̀kùn méjì, tó ní ẹ́ńjìnnì V6, gba Safari. Lọ́dún yẹn kan náà ló tún gba ìdíje ti Côte d'Ivoire. Ẹbí mọ́tò tó ń kó wa lérò nílé ló ń fakọ yọ nínú ẹrẹ̀ àti eruku yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn mọ́tò náà, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yìn gbogbo 504 kò rí bákan náà. Ní ti ọ̀pọ̀ sàlúùnù àti Coupé, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá lọ sókè, tó ń dá lọ sílẹ̀. Bí ti ọ̀tún bá bọ́ sí kòtò, ti òsì lè máà mọ̀. Wágọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń kérò ní tirẹ̀ ní áàsù gbọọrọ kan tó so méjèèjì pọ̀, ó sì ní sípíríǹgì mẹ́rin lẹ́yìn. Ìyẹn lágbára fún ẹrù, àmọ́ ó wúwo, bí ẹ̀gbẹ́ kan bá sì fò, ẹ̀gbẹ́ kejì á bá a pín nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ áàsù wágọ́ọ̀nù kó sábẹ́ Coupé torí pé ó nípọn, ohun tó ń mú Coupé di ilẹ̀ mú lójú títì tí kò tẹ́jú gan-an ló fẹ́ sọ nù.

Láàárín ẹ̀yìn mọ́tò ni ilé jíà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní differential wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti ti òsì lè yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá fi mítà 1.3 jìnnà síra, tí mọ́tò sì yà ní kọ́nà kan bọ́ sí títì tó dábùú, táyà tó wà lóde á rìn tó mítà 2 ju ti inú lọ. Bí jíà yìí kò bá sí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí táyà kan bá wọ yanrìn, òun nìkan á máa yí lásán, èkejì á dúró gbagidi. Ẹni tó bá ti há sínú yanrìn lápá ọ̀dọ̀ wa níbí mọ ohun tí à ń wí.

Nǹkan mẹ́ta ni àwọn tó ń múra mọ́tò fún ìje sábà máa ń ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èkíní, wọ́n á fi differential mìíràn sí i, èyí tó ní àwọn àwo irin tó ń fún ara wọn, kí táyà tó ń yí lásán má baà kó gbogbo agbára lọ. Èkejì, wọ́n á pààrọ̀ jíà. Bí jíà kékeré bá ní eyín 10, tí ńlá ní 40, ṣáàfù tó ti iwájú wá á yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ti ńlá bá di 50, á di ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Mọ́tò á ta kánkán láti ìdúró, àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eré tó lè sá á dín ní ìdá kan nínú márùn-ún, epo á sì máa tètè tán. Ẹ̀kẹta, wọ́n á fi sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù tó le sí i, pẹ̀lú bíréèkì tó lè gba eré náà dúró.

Nǹkan wọ̀nyí wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á ní kí wẹ́dà jó àwọn jíà inú differential pọ̀ pátápátá. Lóòótọ́, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú yanrìn. Ṣùgbọ́n lórí títì ọlọ́dà bíi ti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, mítà 2 tá a ṣírò lókè yẹn kò ríbi gbà mọ́. Táyà á máa họ. Awakọ̀ á yí ọwọ́, mọ́tò á máa fẹ́ lọ tààrà. Ṣáàfù á máa jẹ ìyà tí wọn kò ṣe é fún, bó bá sì já lójú eré, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bákan náà ni jíjó ilé áàsù fúnra rẹ̀. Iná máa ń ká irin. Bí ilé áàsù bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, bẹ́ríǹ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ọ́ìlì á sì lè jò dé orí bíréèkì.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, owó tí à ń yá ara wa, òógùn awakọ̀ àti ti ìyá tó ń ta ẹja ni. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa rèé. A kò ní kí ọ̀dọ́ má fẹ́ràn ìje, àmọ́ ibi tí wọ́n ti sé, tí ará ìlú kò ti ń kọjá, ni ìje wà fún. Títì tí àwọn tírélà àti ọlọ́kadà jọ ń rìn kì í ṣe pápá. Kí ẹni tó fẹ́ ṣe é bẹ̀rẹ̀ láti orí bíréèkì, kó tó kan eré. Kó ra differential tó pé, kó má sun èyí tó bá mọ́tò wá, kó sì tọ́jú ti àkọ́kọ́ pamọ́, torí mọ́tò tó bá ní gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló ṣe é tà bí gbèsè bá dé. Mọ́tò tí wọ́n bá sì ti tún ṣe fún ìje, kó má kérò mọ́.

Kí onídùúró méjèèjì ní kí wọ́n gbé mọ́tò náà sókè lójú wọn, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Bí wọ́n bá rí ojú iná wẹ́dà lára áàsù, kí wọ́n béèrè ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó mú un wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. A ó pe mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ 504 dunjú wá, kó tú differential kan palẹ̀ lójú gbogbo wa.