Bí Ajá Bá Ń Jẹ Koríko, Kí Ni Ká Ṣe?

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ ní abúlé gbogbo, ẹ bá mi pe àwọn ọmọ wá, ọ̀rọ̀ òní kàn wọ́n.

Ẹ ti rí i rí: ajá á bọ́ sí ẹ̀yìn ilé, á máa já koríko jẹ bí ewúrẹ́, nígbà mìíràn á sì bì í. Ojú ẹsẹ̀ la ó ní inú ń run ún, ó ń wá oògùn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ Yunifásítì California ní Davis, ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí ajá tó lé ní 1,500. Nínú ajá 10 tó ń jẹ koríko, bíi 1 péré lára rẹ̀ kì í yá kó tó jẹ ẹ́, bíi 2 ló máa ń bì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn yòókù kàn ń jẹ ẹ́ ni.

Nítorí náà, bó bá bì lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń jẹun, tó ń ṣeré, ẹ má jáyà. Ẹ gbé omi tó mọ́ fún un. Àmọ́ ẹ lé e kúrò níbi tí ẹ ti fín oògùn apako tàbí oògùn òwú.

Bó bá ń bì léraléra, tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tàbí tó ń gbọ̀n, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Bí ajá bá ń da itọ́, tí kò lè gbé nǹkan mì, tó dà bí ẹni tí eegun há lọ́fun, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀! Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Bí àìsàn yìí bá ti fara hàn lára èèyàn, ó ṣòro kó tó yè é. Bó bá gé yín jẹ, tàbí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de àgbo.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín rèé: ajá mélòó ló wà ní abúlé yín? Mélòó ló ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dún yìí? Ẹ kà wọ́n kí a tó pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.