Ìdánwò DALF: Gbígbọ́ Faransé nìkan kò tó

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìyànà-Ìba láàárọ̀, yóò gbọ́ bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń pe èrò Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀. Bí ó bá wọ ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́, yóò bá àwọn oníbàárà láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò pàdé, tí wọ́n ń fi èdè Faransé ná ọjà. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí a dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ èdè náà gba oyè. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ọmọ Ọ̀jọ́, Ìba tàbí Okokomáíkò bá ní i lọ́kàn láti gba ìwé ẹ̀rí DALF.

Ṣùgbọ́n Faransé tí a fi ń ná ọjà yàtọ̀ sí èyí tí DALF ń béèrè. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa pàápàá lè kùnà, bí kò bá mọ ohun tí àwọn olùdánwò ń wá.

Kí ni DALF?

Ìwé ẹ̀rí ìjọba ilẹ̀ Faransé ni, fún àwọn tí ìmọ̀ wọn nínú èdè náà ti jinlẹ̀. Ìpele méjì ni ó ní: C1, àti C2 tí ó ga jù ú lọ. Títí ayé ni ìwé ẹ̀rí náà ń wúlò. Bí ẹni tí ó ní C1 bá fẹ́ wọ yunifásítì ní ilẹ̀ Faransé, wọn kì í tún béèrè ìdánwò èdè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń wá ìwé ìgbélùú Kánádà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ ṣọ́ra: TEF Canada tàbí TCF Canada ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba DALF. Kí a má fi owó ṣòfò.

Abala mẹ́rin ni C1 ní: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Máàkì 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá gba 50 nínú 100 ti yege, ṣùgbọ́n bí máàkì rẹ̀ kò bá tó 5 nínú abala kan ṣoṣo, ó ti kùnà, ì báà gba 70 lápapọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà

Abala kíkọ, tí ó gba wákàtí méjì ààbọ̀, ni kí a fọkàn sí jù. Iṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí a ka àkọsílẹ̀ bíi méjì tàbí mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ kan, kí a sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan tí ó tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 220. Èkejì ni àròkọ tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250, níbi tí a óò ti sọ èrò tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí a ṣètò láti Mile 2 dé Okokomáíkò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àkọsílẹ̀ kan sọ pé yóò dín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kù, tí èkejì sì ń kẹ́dùn àwọn tí yóò pàdánù ìsọ̀ wọn. Ẹni tí kò múra yóò kọ̀wé pé, "Àkọ́kọ́ sọ báyìí, èkejì sọ tọ̀hún, èmi gbà pé..." Máàkì ń lọ nìyẹn. Ẹni tí ó múra yóò kó àǹfààní inú àkọsílẹ̀ méjèèjì sójú kan, yóò kó ìnira sójú kan, kò sì ní fi èrò tirẹ̀ kún un. Kò sì gbọdọ̀ da gbólóhùn inú ìwé kọ bí ó ṣe wà. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ: ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni ni a fi ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ yí padà.

Ọ̀nà láti múra

Lójoojúmọ́, ẹ gbọ́ ìròyìn RFI lórí rédíò tàbí fóònù, kí ẹ sì fi gbólóhùn márùn-ún kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbé aago síwájú, kí ẹ kọ iṣẹ́ méjèèjì náà láìdúró. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀rọ̀: ohunkóhun tí ó bá wà láàárín àlàfo méjì, ọ̀rọ̀ kan ni. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan péré ni "c'est-à-dire".

Fún sísọ, wákàtí kan ni a fi ń múra kí a tó dojú kọ àwọn olùdánwò. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu tí ó ka ìwé Faransé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó máa bá yín jiyàn, kí ó sì máa tún ọ̀rọ̀ yín ṣe. Ẹ má kàn jẹ́ kí Yorùbá gba gbogbo àkókò náà mọ́ yín lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ yìí kan náà, ní Àjàrá, Àgbádárìgì, ni Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń gbé inú èdè náà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà kan, Lómè ni wọ́n máa ń lọ fún irú rẹ̀.

Alliance Française ní Ìkòyí ni a ti ń ṣe ìdánwò náà nílùú Èkó. Ẹni tí ó ń ti Okokomáíkò lọ mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Kí ó tètè jí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.