Kí ló dé tí ẹja fi ń gbé ìwọ̀ mì jù nígbà tí yìnyín ṣì fẹ́lẹ́?

Lọ́jọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2023, yìnyín já kúrò létí Adágún Upper Red, ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì gbé àwọn apẹja tó lé ní 100 lọ sáàrin omi. Àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì kó gbogbo wọn jáde láàyè. Kì í ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lórí adágún yìí kan náà, èèyàn bíi 200 ni wọ́n sì lọ kó lọ́jọ́ náà. Ṣé orí kunkun ni? Ó wà níbẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀: àsìkò tí yìnyín kò tíì ṣeé gbọ́kàn lé gan-an ni ẹja ń yá mọ́ ìjẹ jù.

Inú omi ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń tutù ló ń wúwo sí i, títí yóò fi dé 4°C. Tó bá tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló ń fúyẹ́ padà, nígbà tó bá sì dì ní 0°C, ó ti fúyẹ́ débi pé ó ń léfòó, bí gbogbo ẹni tó ti ju yìnyín sínú ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe mọ̀. Nítorí náà, òkè ni adágún ti ń dì. Omi tó tutù jù wà lábẹ́ yìnyín gan-an, èyí tó sàn díẹ̀ wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹja ti ń lo ìgbà òtútù. Ká ní yìnyín máa ń rì ni, ìsàlẹ̀ ni adágún ìbá ti máa dì wá sókè, ta ni ìbá sì máa wá ẹja níbẹ̀?

Upper Red fẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ kò tó 20 ẹsẹ̀ bàtà. Omi tí kò jìn tètè ń tutù, ìdí nìyẹn tí adágún yìí fi wà lára àwọn adágún ńlá tó ń kọ́kọ́ dì ní Minnesota, tí àwọn apẹja sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a. Fífẹ̀ rẹ̀ ni wàhálà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ rí àyè tó gbalẹ̀ sáré lórí rẹ̀, tó bá sì fẹ́ kúrò ní èbúté, ó lè ya yìnyín tuntun kó sì tì í lọ.

Ẹja tí gbogbo wọn ń wá ni walleye. Ojú rẹ̀ ń ríran dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀, nítorí náà ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹun jù. Nígbà tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ́síjìn ṣì pọ̀ nínú omi, torí afẹ́fẹ́ ìgbà ìwọ́wé ti rò ó pọ̀ dáadáa, ẹja sì ṣì wà nítòsí èbúté. Bí oṣù Kìíní ṣe ń lọ, òjò dídì á bo yìnyín, ìmọ́lẹ̀ ò ní lè wọlé, ewéko inú omi ò ní pèsè ọ́síjìn mọ́, èyí tó ń jẹrà nínú wọn á sì máa fa ọ́síjìn tó kù tán. Ara ẹja á wá wúwo. Nínú adágún kékeré tí kò jìn, ẹja lè kú lọ rẹpẹtẹ.

Òjò dídì yìí náà ló ń tan èèyàn jẹ lórí yìnyín, torí kì í jẹ́ kí òtútù dé ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tó tutù gan-an lè kọjá kí yìnyín má fi bẹ́ẹ̀ nípọn sí i. Ìjọba Minnesota ní kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn rí i pé yìnyín tó mọ́ gaara nípọn tó ínǹṣì 4, kí ó sì tó ínǹṣì 9 sí 10 fún ọkọ̀ kékeré. Yìnyín funfun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ni wọ́n ní kí èèyàn fi wọ̀n ọ́n. Wọ́n tún fi kún un pé kò sí yìnyín tó dáni lójú tán. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ kì í wo ojú ọjọ́ lásán. Irin gígùn ni wọ́n fi ń gún un níwájú ara wọn bí wọ́n ṣe ń lọ.

Yìnyín tó dára kò wúlò bí kò bá sí ẹja lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Ojibwe ti Red Lake ló ni apá tó pọ̀ jù nínú adágún náà, ìpínlẹ̀ ló ni ìyókù. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n ti pẹja ibẹ̀ ní àpajù débi pé walleye fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní 1999, ẹ̀yà náà, ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn láti fi í sílẹ̀, wọ́n da ọmọ ẹja síbẹ̀, wọn ò sì gba èèyàn láyè láti pa walleye níbẹ̀ títí di 2006. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ kí ìròyìn adágún yìí máa dá lé, ju àwọn tí yìnyín gbé lọ.

Ìgbà òtútù 2023 sí 2024 wà lára èyí tó móoru jù tí Minnesota tíì rí. Ìwádìí kan tí Sapna Sharma láti Yunifásítì York ní Kánádà ṣe aṣáájú rẹ̀, tó jáde ní 2019, sọ pé adágún bíi 14,800 ni kì í dì lọ́dọọdún mọ́, àti pé bí ayé bá fi 2°C gbóná sí i, iye náà lè di 35,300. Fún àwọn tó ń háyà ilé orí yìnyín fún àlejò ní Waskish, létí Upper Red, ìṣirò ọ̀hún sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìparí oṣù Kejì ni àsìkò walleye ń parí lábẹ́ òfin, ìbáà jẹ́ oṣù Kọkànlá ni yìnyín dé, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn Kérésìmesì.